Ọkọ̀ Tí Ń Yí Ṣùgbọ́n Tí Kò Sítáàtì: Ìwádìí Ṣáájú Ìdájọ́



Orí ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lónìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń retí láti ẹnu àlùfáà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, pàápàá ọkọ̀ tí ó ti gbó, tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnì ń yí, tí ó ń pariwo, ṣùgbọ́n tí kò sítáàtì. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ni ó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹlòmíràn ń fi í kó ẹja, ẹlòmíràn ń fi í kó èrò, ẹlòmíràn sì ń fi í gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá kọ̀, oúnjẹ ilé pẹ̀lú kọ̀.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní: Agbọ́tẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Òwe yìí tọ́ sí ọ̀ràn ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ sí ọ̀ràn ilé ẹjọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹlẹ́jọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá sì dá ọ̀kan lẹ́bi kí ó tó bi àwọn yòókù léèrè, owó ni yóò fi san ìtanràn ìkánjú rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, a gbé aláìsàn kan nínú ìjọ wa láti ìhà Ẹ̀pẹ́, a ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkòròdú. Nígbà tí a kọjá Ìtòìkín díẹ̀, a dúró láti fún un ní omi mu. Nígbà tí a tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì yí, ṣùgbọ́n kò sítáàtì. A yí i, a tún yí i, títí agbára bátìrì fi tán. Ọpẹ́lọpẹ́ onímọ́tò kan tí ó ṣàánú wa, tí ó gbé aláìsàn náà dé ibi tí à ń lọ. Nígbà tí a fa ọkọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, “Bàbá, pọ́ǹpù epo ló bàjẹ́.” A ra pọ́ǹpù, ọkọ̀ kò sítáàtì. Ó ní kọ́ìlì ni. A ra kọ́ìlì. Pàbó ni ó já sí. Ó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. A ra wọ́n pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, owó lọ, ọkọ̀ sì wà níbi tí ó wà. Ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà gan-an, a ó sọ ọ́ fún yín kí a tó parí.

OHUN TÍ Ẹ́ŃJÌNÌ Ń BÉÈRÈ

Ní ọdún 1876 ni Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnì tí ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ní ọdún 1886 ni Karl Benz, ará Jámánì bákan náà, gba ìwé-àṣẹ lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin kan náà ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù ṣì ń gbà ṣiṣẹ́ títí di òní. Ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, písítìn sọ̀kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ní ìgbésẹ̀ kejì, ó gòkè, ó fún wọn pọ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ àyè tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, púlọ́ọ̀gì ta iná sí wọn, wọ́n gbiná, agbára iná náà sì ti písítìn padà sísàlẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, písítìn tún gòkè, ó lé èéfín jáde.

Láti inú èyí ni a ti rí i pé ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì ń béèrè: iná, epo, àti afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ dáadáa, ó sì ń béèrè pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ní àkókò tirẹ̀. Ẹ wo obìnrin tí ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Bí igi bá wà tí kò sí ìṣáná, kò lè dáná. Bí ìṣáná bá wà tí igi tutù, kò lè dáná. Bí àwọn méjèèjì bá wà tí a sì dí ojú ààrò pa, iná yóò kú. Kò jẹ́ ra igi mìíràn nígbà tí ó rí i pé ìṣáná ni kò sí. Èéṣe tí àwa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ wa?

OHUN TÍ YÍYÍ Ẹ́ŃJÌNÌ Ń SỌ FÚN WA

Ní àtijọ́, ọwọ́ ni a fi ń yí irin níwájú ọkọ̀ kí ó tó lè sítáàtì, irin náà a sì máa ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ní ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi sítátà tí ń lo iná mànàmáná, èyí tí Charles Kettering ṣe, sínú ọkọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe nígbà náà ni sítátà ń ṣe nísinsin yìí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń yí ẹ́ńjìnì títí iná yóò fi ràn nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí dáadáa tí ó sì lọ ra sítátà, ohun tí kò sọnù ni ó lọ rà.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì ń gbà yí. Bí ó bá ń yí pẹ̀lú agbára, tí ohùn rẹ̀ sì dọ́gba, bátìrì àti sítátà kò jẹ̀bi. Ẹ kọjá sí ibòmíràn. Bí ó bá ń wọ́ bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì àti orí wáyà rẹ̀, bóyá ó ti dípẹtà. Bátìrì tí ó yó máa ń ní nǹkan bí fóòtì 12.6 nígbà tí ó bá sinmi. Bí ó bá wá sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí, ó lè yí i lóòótọ́ kí ó má sì ṣẹ́ku agbára tí ó tó láti ta iná. Bí ó bá sì ń yí wéréwéré, tí ó fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tí ń darí àkókò ẹ́ńjìnì ni ó já, yíyí i síwájú sí i sì lè ba inú ẹ́ńjìnì jẹ́.

ÌBÉÈRÈ ṢÁÁJÚ SÍPÁNÀ

Oníṣègùn tí ó gbọ́n kì í fi oògùn fún aláìsàn kí ó tó bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a bi onímọ́tò léèrè kí a tó ṣí àpótí irinṣẹ́. Ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́ kẹ́yìn? Ṣé òjò pa á, tàbí ó la àbàtà kọjá? Ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo sínú rẹ̀? Ṣé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe, tàbí rẹ́wáyà fọwọ́ kan wáyà rẹ̀? Báwo ni ó sì ṣe kú? Bí ó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà bí fìtílà tí a fẹ́ pa, ìhà iná ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ. Bí ó bá ń wúkọ́, tí ó ń fà sẹ́yìn kí ó tó kú, ìhà epo ni kí a kọ́kọ́ wò. Èyí kì í ṣe ìdájọ́, atọ́nà lásán ni. Ṣùgbọ́n kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

A ní láti fi kún un pé ọwọ́ tí ń fi ìwọ̀n epo hàn lójú ọkọ̀ àtijọ́ a máa purọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ nítorí ọkọ̀ tí kò ní epo nínú. Ẹ bu lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

PÚLỌ́Ọ̀GÌ NI ẸLẸ́RÌÍ ÀKỌ́KỌ́

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo kábúrẹ́tọ̀, irú Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá àti Peugeot 504, tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó àti ní Kàdúná láti ọdún 1975. Lẹ́yìn tí a ti yí ẹ́ńjìnì fún ìgbà díẹ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì kan jáde, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá gbẹ táútáú, epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tutù tí ó sì ń rùn bí epo, epo dé, ṣùgbọ́n iná kò ràn. Tàbí epo ti pọ̀ jù, ó sì ti rì í. Nípa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo yìí, a ti dín ọ̀ràn wa kù sí ìdajì.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná ń bẹ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́rẹ́ǹtì, a ó ki púlọ́ọ̀gì náà bọ wáyà rẹ̀, a ó fi ara rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnì, a ó fi páláyà tí ó ní rọ́bà lọ́wọ́ dì í mú, jìnnà sí ihò tí a ti tú u àti sí ohunkóhun tí ó ní epo, ẹlòmíràn yóò sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ̀ta iná bá tàn ní àwọ̀ búlúù tí ó sì ń dún pá-pá, iná dára. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò lágbára. Bí kò bá sí rárá, a ó máa tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀: láti wáyà sí dísítíríbútọ̀, láti dísítíríbútọ̀ sí kọ́ìlì, láti kọ́ìlì sí bátìrì.

Iṣẹ́ kọ́ìlì ni láti sọ fóòtì 12 ti bátìrì di 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó sì ń mú kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni irin kékeré méjì nínú dísítíríbútọ̀, tí a ń pè ní kọ́ńtáàtì, tí wọ́n ń pàdé tí wọ́n sì ń yà. Ní àkókò tí wọ́n bá yà gan-an ni iná ń ta. Nínú Ìjàpá, àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá yà dé òpin kò ju mìlímítà 0.4 lọ. Bí wọ́n bá dọ̀tí, tàbí bí ẹsẹ̀ tí ń ṣí wọn bá jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi yà mọ́, kò sí iná, bí kọ́ìlì ìbáà jẹ́ tuntun. Ní ìgbà òjò, ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀rinrin bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún; bí ó bá là, iná yóò máa gba ojú ìlà náà sá lọ.

Bí púlọ́ọ̀gì bá gbẹ ńkọ́? A ó kọ́kọ́ yọ wáyà tí ń gbé agbára bátìrì wọ kọ́ìlì, kí ẹ̀ta iná má ba à wà. Lẹ́yìn náà ni a ó tú okùn epo kúrò lẹ́nu kábúrẹ́tọ̀, a ó sì ki í bọ ẹnu ìgò. Bí ẹlòmíràn bá yí ẹ́ńjìnì, epo gbọ́dọ̀ máa tú jáde ní ìgbà dé ìgbà. Bí kò bá tú, ó lè jẹ́ pé asẹ́ epo dí, tàbí pé awọ inú pọ́ǹpù ya, tàbí pé ihò kékeré tí ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú táǹkì dí, tí epo kò fi lè ṣàn. Bí epo bá jáde, ẹ jẹ́ kí ó sinmi nínú ìgò funfun. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni omi yóò wà, epo yóò sì léfòó.

Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín epo búburú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ epo ní Nàìjíríà kéde pé bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ ti wọ ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì ké gbàjarè. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, ó sì lè jẹ rọ́bà àti irin inú ọ̀nà epo. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kọ̀ lẹ́yìn tí a ra epo tuntun, epo náà ni kí a kọ́kọ́ fi ọ̀ràn lọ̀.

Bí iná bá wà tí epo sì dé, ó ku afẹ́fẹ́ àti àkókò. Ẹ wo asẹ́ afẹ́fẹ́ bóyá eruku ti dí i, ẹ wo ṣóòkù bóyá ó ti há, ẹ sì wo bóyá ẹnìkan ti pààrọ̀ àyè àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan.

ÀWỌN TỌ́KÙNBỌ̀ TÍ Ó TI GBÓ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti gbó lóde òní ni kò ní kábúrẹ́tọ̀ mọ́. Inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo wọn wà, ẹ̀rọ tí a ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì ni ó sì ń darí iná àti epo wọn. Ìlànà kan náà ni, irinṣẹ́ ni ó yàtọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná ojú ọkọ̀ ti tàn, ẹ má ì tíì yí ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì fetí sí ìhà ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, pọ́ǹpù yóò kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíúsì àti rìléè rẹ̀ kí ẹ tó ra pọ́ǹpù. Bí àmì kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú lójú ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí a tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 sì ní ojú ihò tí a lè ki ẹ̀rọ ìwádìí bọ̀, tí yóò sọ ibi tí ara ti ń ni ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Bí ó bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kan, ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò kí ẹ tó rà á. Ẹ má sì ṣe tú wáyà púlọ́ọ̀gì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti wo iná bí a ti ń ṣe fún Ìjàpá; ó lè ba bíréènì bọ́ọ̀sì jẹ́, ó sì lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀.

OHUN TÍ Ó LÈ GBA Ẹ̀MÍ

A bẹ̀ yín, ẹ fi etí sí èyí ju gbogbo ìyókù lọ. A ti rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń da epo sí ẹnu kábúrẹ́tọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń yí ẹ́ńjìnì. Iná lè ti inú ẹ́ńjìnì ta padà, kí ó sì mú epo tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ooru epo bẹntiróòlù kò nílò ju ẹ̀ta iná kékeré kan lọ, ó sì ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná níbi tí a kò fọkàn sí. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo nínú táǹkì, nítorí epo tí ó bá gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe yí ẹ́ńjìnì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jóná, bátìrì yóò sì kú, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti kú lẹ́yìn Ìtòìkín.

ÌPARÍ Ọ̀RÀN NÁÀ

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnìkan mú wa mọ bàbá arúgbó kan ní Ẹ̀pẹ́, tí ó ti ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó, ó sì bi wá léèrè bí ọkọ̀ ṣe kú. Ó tú púlọ́ọ̀gì kan: ó tutù, ó ń rùn bí epo. Ó ní, “Ẹ wò ó, Bàbá, epo ń dé. Pọ́ǹpù yín àtijọ́ kò ṣẹ̀.” Ó wo iná: kò sí. Ó wo wáyà tí ó wọ kọ́ìlì: agbára bátìrì dé ibẹ̀. Ó wá ṣí dísítíríbútọ̀, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì ti jẹ, àwọn irin méjèèjì kò sì yà mọ́. Ó nù wọ́n, ó fi irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ ṣètò àlàfo wọn, ó sì ní kí a yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà sítáàtì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tó wákàtí kan. Ó ní kí a wá kọ́ńtáàtì tuntun fi sí i láìpẹ́, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí a ti ná.

Nígbà tí a béèrè iye owó iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kí ni mo tà fún yín? Ẹ fún mi ní ohun tí ọkàn yín bá fẹ́.” Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé, bí òun bá fi wákàtí méjì wádìí tí òun kò sì ta nǹkan kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bínú bí òun bá béèrè owó. Ohun èlò tí a fi ojú rí ni a ń sanwó rẹ̀. Ìrònú tí a kò rí, ọ̀fẹ́ ni a ń fẹ́ ẹ. Àwa tìkára wa sì ń dúró lé e lórí, a ń wí pé, “Ṣé kò ì tíì parí ni?” Bí a bá ń fi ìkánjú ti ènìyàn, tí a kò sì fẹ́ sanwó ìwádìí, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó máa méfò, kí àwa sì máa sáré lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lójoojúmọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ sanwó ìwádìí fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí kékeré ni ó nù kúrò. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ láti béèrè kí ẹ tó tú, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ní kí a rà á. Iná, epo, afẹ́fẹ́, àti àkókò: ẹ bi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léèrè, ẹni tí ó jẹ̀bi nínú wọn yóò sì fi ara rẹ̀ hàn.

Aláìsàn tí a gbé lọ́jọ́ náà rí ìwòsàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àánú ẹlòmíràn ni ó gbé e débẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ wa. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tún gbẹ́kẹ̀ lé irú àánú bẹ́ẹ̀ ní òru, lójú ọ̀nà tí kò sí ilé. Kí Olúwa máa pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́.